Sípíríǹgì Kúkúrú: Ohun Tí Ọkọ̀ Ń Pàdánù Bó Bá Wálẹ̀, àti Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀ Nílé

Ẹ sọ fún mẹkáníìkì kan pé ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ yín wálẹ̀ díẹ̀, kí àlàfo tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ dín kù. Ó ṣeé ṣe kí ìmọ̀ràn tí ẹ kọ́kọ́ máa gbọ́ jẹ́ pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé ìyípo kan tàbí méjì kúrò lára sípíríǹgì. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n fi iná kàn án títí yóò fi jókòó fúnra rẹ̀. Owó pọ́ọ́kú ni. Àmọ́ bí ẹ bá wo ọjà, ẹ óò rí sípíríǹgì kúkúrú tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Eibach àti H&R ní Jámánì dìídì ṣe fún irú ọkọ̀ yín, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bó bá jẹ́ pé kíkúrú náà la ń wá, kí ló dé tí a ó fi lọ náwó lé ohun tí a lè gé?

Ká tó dáhùn, ó yẹ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí àwọn èèyàn sábà máa ń pè ní ẹyọ kan. Sípíríǹgì ló gbé ọkọ̀ dúró. Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ọkọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó dá sípíríǹgì lẹ́kun, kó má máa jó sókè sódò lẹ́yìn tí táyà bá ti kọjá gálọ́ọ̀pù. Torí pé níwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú sípíríǹgì ni ṣọ́ọ̀kì wà, ojú kan náà la fi ń wo àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ òun ti wọlẹ̀ lápá kan, pé ṣọ́ọ̀kì ló kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sípíríǹgì ló ti kán. Bákan náà, ṣọ́ọ̀kì tuntun nìkan kò lè mú ọkọ̀ wálẹ̀.

Ohun tó so gbogbo ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ni àyè. Bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, àyè kan wà tí táyà lè gòkè dé kí nǹkan tó dá a dúró. Ká ní àyè yẹn jẹ́ mílímítà 80. Ẹni tó bá mú ọkọ̀ náà wálẹ̀ ní mílímítà 35 ti ta 35 nínú àyè yẹn; 45 ló kù. Gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà kò mọ̀ pé ẹ ti ta nǹkan kan. Bó ṣe ń ti táyà sókè tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ṣe máa tì í lọ. Sípíríǹgì tó wá ní àyè 45 péré láti gba ìlù tí èyí àtijọ́ fi 80 gbà gbọ́dọ̀ le ju ti àtijọ́ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á máa gbá ìdí mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìdí nìyẹn tí sípíríǹgì kúkúrú tó dáa fi máa ń le, tí jíjókòó nínú ọkọ̀ náà kì í fi í rọni lọ́rùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá polówó pé tòun mú ọkọ̀ wálẹ̀ gan-an, ó sì tún rọ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ, ẹ bi í pé níbo ni àyè ti wá.

Rọ́bà kan wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní bọ́ǹpù sítọ́ọ̀pù. Òun ni ìrọ̀rí tó wà ní òpin àyè yẹn. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ dànù kí ọkọ̀ lè túbọ̀ wálẹ̀. Ohun tó máa tẹ̀lé e ni pé irin á máa gbá irin, ṣọ́ọ̀kì á bàjẹ́ nínú, ọ́ìlì rẹ̀ á sì máa jò. Bí ìwé tó bá sípíríǹgì yín wá bá ní kí ẹ gé díẹ̀ lára rọ́bà náà, ẹ gé e ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ gé e, torí pé irọ́ kọ́ ló pa tán. Sípíríǹgì jẹ́ ọ̀pá irin gígùn kan tí wọ́n yí po, bí ọ̀pá náà bá sì ṣe kúrú sí ni yóò ṣe le sí. Bí sípíríǹgì bá ní ìyípo mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́, tí a sì gé ọ̀kan, líle rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Nítorí náà, ó kúrú, ó sì le, bí a ṣe ń fẹ́ gẹ́lẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé ẹnu sípíríǹgì kì í ṣe ibi tí a kàn ń gé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n tẹ ẹnu náà kó lè bá ibùjókòó rẹ̀, ìyẹn ibi tó jókòó lé, mu. Bí a bá gé e, ẹnu ṣóṣóró ló kù, yóò sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìkejì burú jù: bí táyà bá bọ́ sínú ihò jíjìn, tàbí tí jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ṣọ́ọ̀kì á nà tán. Sípíríǹgì ṣì gbọ́dọ̀ há mọ́ ibùjókòó rẹ̀ nígbà yẹn. Èyí tí wọ́n gé lè má gùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, á máa mì nínú ibẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá sì padà wálẹ̀, ó lè má jókòó síbi tó ti kúrò. Àwọn tó ṣe sípíríǹgì kúkúrú mọ èyí. Ẹ óò rí i lára púpọ̀ nínú wọn pé ìyípo apá kan fún mọ́ra ju ti apá kejì lọ. Bí ìwúwo ọkọ̀ bá ti wà lórí rẹ̀, àwọn ìyípo tó fún mọ́ra yẹn á pa pọ̀, wọn kò ní ṣe nǹkan púpọ̀ mọ́. Bí táyà bá so rọ̀, wọ́n á là, wọ́n á sì mú kí sípíríǹgì há mọ́ àyè rẹ̀. Ohun tí ẹ ń san owó rẹ̀ nìyẹn.

Ní ti iná, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe mú irin náà gbóná, tí wọ́n mú un tutù, tí wọ́n sì tún mú un gbóná níwọ̀nba ní ilé iṣẹ́ ló fún un ní agbára láti tẹ̀ kó sì padà. Iná tí ẹnì kan bá tún fi kàn án lẹ́bàá títì á pa agbára yẹn níbi tó bá kàn, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti ṣẹ́.

Kí àlàyé yìí má baà léfòó, ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan pàtó: Volkswagen Golf 4, tó jáde ní 1997. Ó pọ̀ ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bíi tòkúnbọ̀, ó sì wà lára àwọn ọkọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yúróòpù fẹ́ràn láti mú wálẹ̀. Níwájú, òpó MacPherson ló lò. Ẹ̀ńjíníà ará Amẹ́ríkà kan, Earle S. MacPherson, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ford fi í sábẹ́ Consul àti Zephyr tí wọ́n fi han aráyé ní 1950, láti ìgbà náà ló sì ti gba ayé kan. Òpó kan ṣoṣo yìí gbé sípíríǹgì, ó gbé ṣọ́ọ̀kì, òun náà ló sì ń yí pẹ̀lú táyà bí a bá yí sítíárìn. Lẹ́yìn, irin kan ló dá ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì wà lọ́tọ̀, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́tọ̀. Ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ wà báyìí: iwájú.

Èló ló yẹ kó wálẹ̀? Lójú tèmi, kí Golf 4 má kọjá mílímítà 35, bó bá sì jẹ́ ọ̀nà Èkó tàbí Ìbàdàn lẹ ń gbà, 25 ti tó. Àpò ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sọ́ǹpù, alumíníọ́mù ni, ó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Irin lásán máa ń tẹ̀ wọnú bí òkúta bá gbá a. Èyí á fọ́, gbogbo ọ́ìlì á dà sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè kú kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn bọ́ǹpù tí àwọn ará àdúgbò fi ọwọ́ ara wọn mọ sójú ọ̀nà kò ní ìwọ̀n kankan, ẹni tó mọ ọ́n kò sì ro ti Golf yín. Ẹni tó bá fẹ́ mú un wálẹ̀, kó wá irin ààbò sábẹ́ sọ́ǹpù kó tó wá sípíríǹgì.

Ìdí mìíràn tí kò fi dáa kó wálẹ̀ jù rèé, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í sì í gbà á gbọ́. A máa ń rò pé bí ọkọ̀ bá ṣe wálẹ̀ sí ni kò ní máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kọ́nà. Òótọ́ ni títí dé ibì kan. Lábẹ́ òpó MacPherson, apá irin kan wà tó lọ láti abẹ́ ọkọ̀ dé ìdí táyà. Bí ọkọ̀ bá wà ní gíga tí ilé iṣẹ́ fi í sí, apá yìí sábà máa ń dagun díẹ̀ lọ sísàlẹ̀ sí ìhà táyà. Bí ọkọ̀ ṣe ń wálẹ̀ ni apá náà ń tẹ́jú, bó bá sì wálẹ̀ jù, á kọjú sókè. Ojú ibi kan wà tí ara ọkọ̀ ti ń tẹ̀ nínú kọ́nà, bí apá yìí ṣe dagun ló ń pinnu ibi tí ojú náà wà, ojú náà sì máa ń yára wálẹ̀ ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ibi tí ìwúwo ọkọ̀ kóra jọ sí á wá pọ̀ sí i, ìwúwo náà á sì rí agbára púpọ̀ sí i láti tẹ ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Líle sípíríǹgì ló máa ń bo èyí mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó wálẹ̀ dé bi pé táyà wọnú ara lè dùn ún wò níbi ayẹyẹ, ṣùgbọ́n kò mọ kọ́nà yí ju èyí tó wálẹ̀ níwọ̀nba lọ.

Ó ku iṣẹ́ ọwọ́.

Orí kọ́ńkéré tó tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ má ṣe é lórí yẹ̀pẹ̀. Jáàkì wà láti fi gbé ọkọ̀ sókè. Sítáǹdì ló wà láti gbé e dúró, búlọ́ọ̀kù kò sì lè rọ́pò rẹ̀ torí ó lè fọ́ lójijì. Ẹ fi nǹkan dí táyà tó wà nílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ tú bóòtù táyà díẹ̀ nígbà tó ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ tó gbé e. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló yẹ kí ẹ ti fọ́n ọ́ìlì sí gbogbo bóòtù tí ẹ máa tú, pàápàá bó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ti gbé nílùú oníyìnyín bíi Jámánì tàbí Britain, tí iyọ̀ ojú ọ̀nà ti jẹ ìdí rẹ̀. Kí ẹ sì fi rúlà wọn gíga ọkọ̀ láti àárín táyà dé etí ara ọkọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí táyà iwájú bá ti kúrò, ẹ yọ wáyà ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì di táyà pa) àti páìpù bíréèkì kúrò níbi tí wọ́n so wọ́n mọ́. Bíréèkì kò gbọ́dọ̀ so rọ̀ lórí páìpù rẹ̀ rárá. Ẹ tú líńkéèjì tó so òpó tàbí apá ìsàlẹ̀ mọ́ ọ̀pá tó ń dènà títẹ̀. Nínú Golf 4, ìsàlẹ̀ òpó wọnú ihò kan ní ìdí táyà, bóòtù kan ló sì fún un mọ́ ibẹ̀. Yíyọ bóòtù yẹn kò tó. Ihò náà ṣì dì mọ́ òpó. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n ń ki bọ ojú ihò náà, tí wọ́n á sì yí i kó lè là díẹ̀. Ẹni tí kò ní in á máa fi hámà lù ú láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ìdí táyà bá ń wálẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kejì dì í mú: bó bá já wálẹ̀, ó lè fa ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí táyà, kúrò níbi tó ti so mọ́ gíápọ́ọ̀sì.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì orí òpó. Méjì ló wà lórí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì Golf 4. Èyí tí ẹ rí láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló so òpó mọ́ ara ọkọ̀. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló di sípíríǹgì mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn, nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́ta ló so òpó mọ́ ara ọkọ̀, ọ̀kan ńlá tó wà láàárín ló sì di sípíríǹgì mú. Ọkọ̀ yòówù kó jẹ́, ẹ mọ èyí tó di sípíríǹgì mú dájú, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi ti fún sípíríǹgì náà pọ̀ pátápátá.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni agbára tó wà nínú irin yẹn. Ká ní sípíríǹgì kan ń béèrè kílò méjì àti ààbọ̀ kó tó lè kúrú ní mílímítà kan. Bí a bá fún un pọ̀ ní mílímítà 150, kílò 375 ló ń wá ọ̀nà àtijáde, ó ju àpò sìmẹ́ńtì méje lọ. Bí nọ́ọ̀tì yẹn bá tú nígbà tí kò sí ohun tó dì í mú, ohun tó wà lókè rẹ̀ á fò jáde kí ojú tó ṣẹ́. Ó ti fọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn, ó sì ti pa èèyàn.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún un pọ̀ ní ọ̀pá onískúrúù méjì pẹ̀lú ìkọ́. Kí méjèèjì dojú kọ ara wọn gan-an, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, kí ìkọ́ náà sì mú ìyípo tó pọ̀ tó bó bá ti lè ṣeé ṣe. Ẹ yí apá kan díẹ̀, ẹ yí ìkejì díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títí. Sípánà ọwọ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ má fi ẹ̀rọ oníná tàbí ti afẹ́fẹ́ yí i. Kí orí òpó àti ìdí rẹ̀ má ṣe kọjú sí ẹnikẹ́ni, kó má kọjú sí ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá lè fi ọwọ́ mi sípíríǹgì nínú ibùjókòó rẹ̀, ìgbà yẹn ló tó.

Bí ẹ̀rọ tí ẹ ní bá ti dógùn-ún, tí skúrúù rẹ̀ ti jẹ, tàbí tó jẹ́ èyí tí wọ́n yá yín tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀, ohun tí mo máa sọ ni pé kí ẹ tú òpó méjèèjì nílé, kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Wọ́n á bá yín pààrọ̀ sípíríǹgì nìkan, ẹ ó sì gbé e padà wálé wá so ó. Kò dín iyì iṣẹ́ ọwọ́ yín kù. Owó tó yẹ ní ná jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá ń tú nọ́ọ̀tì ọ̀hún, ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì á fẹ́ máa yí pẹ̀lú rẹ̀. Allen key, ìyẹn sípánà onígun mẹ́fà tí wọ́n ń ki bọ inú ihò, ni kí ẹ fi di orí ọ̀pá náà mú. Ẹni tó bá fi páláyà di ara ọ̀pá tó ń dán yẹn mú ti ba ṣọ́ọ̀kì jẹ́, nítorí ojú ọgbẹ́ kékeré yẹn ló máa gé rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró.

Sípíríǹgì tuntun á rọrùn ju ti àtijọ́ lọ láti fi sí i, torí pé ó kúrú. Kí ẹnu rẹ̀ kan ìdènà tó wà ní ibùjókòó rẹ̀. Ẹ ka àwọn lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ ti iwájú àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yìn. Bí ìkọ̀wé náà bá dojú kodò, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbé e sódì. Níwọ̀n bí ẹ ti tú u tán, ẹ wo béárìn orí òpó náà. Bó bá ń dún tàbí tó ń kọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí iṣẹ́ kan náà lẹ máa tún ṣe láti dé ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì náà ńkọ́? Èyí tó ti rin ìrìn àjò ọdún púpọ̀ ni wọ́n ṣe fún sípíríǹgì tó rọ̀. Kò ní lè dá èyí tó le lẹ́kun, ọkọ̀ á sì máa fò bíi bọ́ọ̀lù. Nínú tòkúnbọ̀, èmi kò ní rà sípíríǹgì láì ra ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ̀yìn ò ní wàhálà. Ẹ gbé ara ọkọ̀ sórí sítáǹdì, ẹ fi jáàkì gbé irin ẹ̀yìn náà díẹ̀, ẹ yọ bóòtù ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, kí ẹ sì máa rọra sọ jáàkì kalẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ páìpù bíréèkì kó má nà jù. Sípíríǹgì á jáde wẹ́rẹ́, láì lo ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ kankan. Ẹ kó rọ́bà orí àti ìdí rẹ̀ sára tuntun, ẹ gbé e padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni dídì bóòtù tó wọnú rọ́bà búùṣì. Bí ẹ bá dì í pa nígbà tí táyà ṣì so rọ̀, búùṣì náà á wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, á sì tètè ya. Kí ẹ fọwọ́ dì í lásán, kí ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, kí ẹ tó wá fi torque wrench, ìyẹn sípánà tó ń wọn bí a ṣe fún bóòtù le tó, parí rẹ̀ dé ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Bóòtù tí ìwé náà bá ní a kò gbọ́dọ̀ lò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ra tuntun.

Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ kò tíì ṣe tán. Bó ṣe wálẹ̀, ìdojúkọ táyà ti yí padà, bí ẹ kò bá sì ṣe aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títún ìdojúkọ náà tò, etí táyà inú á jẹ tán kí ẹ tó mọ̀. Iná iwájú náà á ti yí ojú. Ní Britain, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò pé ẹ ti mú ọkọ̀ wálẹ̀, kí wọ́n má baà kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ní Jámánì, sípíríǹgì náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn ni ẹ ní láti gbé ọkọ̀ lọ fún olùyẹ̀wò bíi TÜV.

Sípíríǹgì tuntun máa ń jókòó díẹ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ tún fi rúlà wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà náà, kí ẹ yẹ gbogbo bóòtù wò, kí ẹ tó gbé e lọ ṣe aláìnmẹ́ǹtì àṣekẹ́yìn. Bí igun kan bá ga ju ìkejì rẹ̀ lọ níwájú, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu sípíríǹgì ibẹ̀, bóyá kò wọnú ibùjókòó rẹ̀ dáadáa.